Tìẹ-Ńkọ́ Gba Ìwé Ìrìnnà

Ìyá wa ló sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe nítorí ajá.
Nítorí Ìyá Wúràọlá ni, aládùúgbò wa l'Álẹ́kúwodò,
tó máa ń ka ihò ara páànù wa sókè
bí ẹni ń ka owó àjọ.
Ọjọ́ tí ajá náà wọlé, ọmọ kékeré nínú ọ̀rá,
Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kọjá ògiri:
"Tìẹ-Ńkọ́! Tìẹ-Ńkọ́, wá jẹun!"
Páànù Ìyá Wúràọlá náà ń jò.

Ìyá ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ti lọ sí Kánádà.
Ó ku èmi àti ajá,
àti àga Ìyá tí ajá kì í jẹ́ kí n jókòó sí.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Èyí gbọ́. Bí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù,
etí rẹ̀ á nà ṣánṣán.
"Fi ajá ránṣẹ́ sí mi," ó wí.
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Owó wọlé kí n tó mu omi tán.

L'Ókè-Fìà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi,
wọ́n ki irin kan tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀,
pé bó bá sọnù lójú yìnyín, wọn yóò mọ ẹni tó ni ín.
Mo fọwọ́ pa ọrùn ara mi.

"Kí lorúkọ ajá?" ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé bèèrè.
"Tìẹ-Ńkọ́."
"Tèmi? Fadékẹ́mi. Ti ajá ni mo bèèrè."
"Tìẹ-Ńkọ́ ni."
Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó sì kọ ọ́ gàdàgbà, láìfi àmì ohùn kankan sí i.

Rájí káfíńtà n'Ígbọ̀nà ló kan àpótí.
Òfin ní kí ajá lè dìde nínú rẹ̀, kó yí po, kó sùn gbalaja.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rájí wọ̀n ọ́n, torí ajá ń lá a lójú.
"Yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà ní Ìbàdàn," ó ní, "kò fẹ̀ tó èyí."
Kò gba owó ìṣó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti béèrè físà.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé n ó padà wálé.
Wọn kò bi ajá bóyá yóò padà wálé.
Ìwé rẹ̀ pé.

Alẹ́ tó kẹ́yìn, a rìn lẹ́bàá ojú irin.
Ó gbóòórùn gbogbo pákó ìdí irin lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ pé kó kà á délé.
Mo ká ìró Ìyá kan sínú àpótí,
èyí tí n kò tíì fọ̀.

Ní pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n.
Kò gbó. Ó kàn ń wò mí
bó ṣe máa ń wò mí tí mo bá ń ti géètì.

Ọjọ́ kejì, Ìyá Wúràọlá kan ilẹ̀kùn,
ọ̀rá egungun lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọdún mẹ́fà ló ti ń bọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, n kò mọ̀.
Mo ní ajá ti lọ. Ó dákẹ́ pẹ́.
"Ṣé wọ́n á máa pe orúkọ yẹn lọ́hùn-ún?"
Mo ní wọ́n á máa pè é.
"Ó dáa." Ó fi ọ̀rá náà kọ́ géètì, ó lọ.

Lójú fóònù, yìnyín funfun báláú.
Tìẹ-Ńkọ́ ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná.
Ẹ̀gbọ́n mi pè é. Láti ìgbà wo
ni ohùn rẹ̀ ti di ohùn Ìyá?
"Tìẹ-Ńkọ́!"
Ajá sáré tọ̀ ọ́ lọ.
Èmi, l'Óṣogbo, lórí àga Ìyá,
mo la ẹnu láti dáhùn.